Ìdánwò tí wọ́n fún ọmọ Nàìjíríà ní pápákọ̀ òfurufú: ohun tí ojú àwọn olùwáṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń rí ní Yaba

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kejì, ọdún 2017, Celestine Omin gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú JFK ní New York. Èkó ni ó ti wọ ọkọ̀ Qatar Airways, ìrìn àjò náà sì gbà á tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kì í ṣe ẹni tí ń wáṣẹ́ kiri. Ilé-iṣẹ́ Andela, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ Yaba nígbà náà, ni ó ń bá kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ pé, físà wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni ó sì ń lọ ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ First Access ní Manhattan. Síbẹ̀, nígbà tí ó dé iwájú àwọn aṣọ́bodè, wọ́n mú un wọ yàrá kan, wọ́n fi í jókòó síbẹ̀ fún bíi wákàtí kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé bébà àti bírò kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Ìbéèrè méjì ni wọ́n ní kí ó dáhùn.

Èkíní ní kí ó kọ ètò tí yóò sọ bóyá igi kan dọ́gba tàbí kò dọ́gba. Kì í ṣe igi oko. Ọ̀nà kan ni tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń to nọ́ńbà kí ó lè rọrùn láti wá: nọ́ńbà kan wà lókè, èyí tí ó kéré sí i bọ́ sí ẹ̀ka òsì, èyí tí ó jù ú lọ bọ́ sí ẹ̀ka ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pín lọ sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ̀ka kan bá gùn ju ìkejì rẹ̀ lọ jìnnà, igi náà kò dọ́gba mọ́. Ìbéèrè kejì ní kí ó ṣàlàyé ohun tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní abstract class àti ìdí tí wọ́n fi ń lò ó.

Omin dáhùn méjèèjì. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè wo bébà náà, ó ní ìdáhùn rẹ̀ kò tọ́. Gẹ́gẹ́ bí Omin fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà, lójú rẹ̀, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà ni ó lọ wá ìbéèrè lórí Google, tí ó sì ń retí kí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ kà á jáde bí ó ṣe wà níbẹ̀ gan-an. Nígbẹ̀yìn, wọ́n tú u sílẹ̀, ó wọ ìlú. Ó padà gbọ́ pé wọ́n ti pe Andela àti First Access lórí fóònù láti wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó jọ pé ìpè fóònù yẹn ni ó yọ ọ́, kì í ṣe ohun tí ó kọ sórí bébà.

Ìròyìn náà tàn ká ayé. Bíi oṣù kan péré ni ó jẹ́ sí ìgbà tí Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ tí ó dènà àwọn arìnrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè méje, nítorí náà ọ̀rọ̀ físà àti ìwọ̀sí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rí nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàìjíríà kò sí lára àwọn méje náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà jẹun rí ohun mìíràn. Wọ́n mọ ìdánwò náà. Òun gan-an ni wọ́n ti ṣe níwájú àwọn tí ń gbani síṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú kí Omin tó wọkọ̀, David Heinemeier Hansson, ẹni tí ó dá ètò Ruby on Rails sílẹ̀, ti kọ ọ́ sórí Twitter pé bí wọ́n bá ní kí òun kọ ọ̀kan nínú àwọn ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ sórí pátákó lójú ènìyàn, òun kò ní yege, àti pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni òun ti máa ń wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kíá ni àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ ohun tí wọn kò lè há sórí. Ní 2015, Max Howell, tí ó ṣe ètò Homebrew, ti figbe ta pé Google kọ òun ní iṣẹ́ nítorí pé òun kò lè dorí irú igi yìí kodò lórí pátákó, bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Google ń lo ohun tí òun ṣe lójoojúmọ́. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti kárí ayé máa fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Yunifásítì Èkó tàbí ní Yaba Tech, tí kò ní nǹkan mìíràn tí yóò fi bẹ̀bẹ̀ ju ìdáhùn tí ó bá kọ ní ọjọ́ náà.

Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú dánfó ní Tẹjúoṣó yóò rí ohun tí ojú ti mọ̀: ilé ọjà alájà tí ìjọba Babatunde Fashola ṣí ní 2014 lẹ́yìn tí iná ti jó ti tẹ́lẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2007, àwọn aláṣọ, àwọn télọ̀, àwọn tí ń tọ́ka ọjà fún èrò, àti ọkọ̀ tí ń fọn fèrè lọ síhà Ojúẹlẹ́gba. Ohun tí àjèjì kò ní tètè fura sí ni pé agbègbè yìí kan náà ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ṣe ilé ní Èkó. CcHub ti wà ní òpópónà Herbert Macaulay láti 2011. Ní 2013, ilé-iṣẹ́ MainOne ri okùn íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ káàkiri Yaba. Wọ́n dá Andela sílẹ̀ ní 2014, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àdúgbò náà ní Yabacon Valley. Nígbà tí Mark Zuckerberg tí ó ni Facebook fẹsẹ̀ rìn ní títì Yaba ní ìparí oṣù Kẹjọ 2016, CcHub àti Andela ni ó wá wò.

Andela ni ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò yìí pé ìdánwò ni ilẹ̀kùn. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó bá béèrè, kò pé ẹnìkan tí wọ́n ń mú nígbà náà, débi pé àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé ó le láti wọ̀ ju Yunifásítì Harvard lọ. Ìyìn ni wọ́n fi ṣe fún ilé-iṣẹ́ náà. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí àwọn mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún yòókù gbà lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ìdí dátà lọ. Ní 2016, Olubayo Adekanmbi dá ẹgbẹ́ Data Science Nigeria sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ náà. Ní 2018 ni Zindi bẹ̀rẹ̀ láti Cape Town, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń figagbága lórí ìṣòro tòótọ́ tí ilé-iṣẹ́ àti àjọ bá gbé kalẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Bosun Tijani, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá CcHub sílẹ̀, di mínísítà ní 2023, ó gbé ètò 3MTT kalẹ̀ láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ dátà sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́. Ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn 30,000, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ pọ̀, olùkọ́ pọ̀, ìwé ẹ̀rí pọ̀. Níbi ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ ni gbogbo wọn ti ń pàdé.

Kí ni wọ́n ń béèrè gan-an? Iṣẹ́ dátà ni kí ènìyàn kó àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ jọ, kí ó tò ó, kí ó ṣe ìṣirò lé e lórí, kí ó sì sọ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó ṣẹlẹ̀ lọ́la. Báǹkì ń lò ó láti mọ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n yá lówó. Ilé-iṣẹ́ fóònù ń lò ó láti mọ oníbàárà tí ó fẹ́ sá lọ. Ìpele ìdánwò rẹ̀ máa ń tó mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹnìkan yóò kọ́kọ́ pè lórí fóònù, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí aago ń ka ìṣẹ́jú rẹ̀ yóò tẹ̀lé e, iṣẹ́ àmúrelé lè wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó tó wá kan jíjókòó níwájú àwọn ọ̀gá, yálà lójúkojú tàbí nínú fídíò.

Àwọn ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí ó dára, ó sì yẹ kí ènìyàn sọ bẹ́ẹ̀. Kí a mú Tẹjúoṣó fún àpẹẹrẹ. Ká ní ìwé méjì wà, tí ọ̀kan ní orúkọ gbogbo àwọn tí ó ní ṣọ́ọ̀bù nínú, tí èkejì sì ní àkọsílẹ̀ gbogbo ọjà tí wọ́n tà láàárín oṣù kan. Wọ́n ní kí olùwáṣẹ́ so ìwé méjèèjì pọ̀, kí ó mú orúkọ àwọn tí kò ta nǹkan kan jáde. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tà kò lè ní orúkọ nínú ìwé ìtajà. Bí olùwáṣẹ́ bá so wọ́n pọ̀ ní ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù, èyí tí ó jẹ́ pé orúkọ tí ó wà nínú méjèèjì nìkan ni kọ̀ǹpútà yóò gbé jáde, àwọn tí wọ́n ń wá gan-an ni yóò pòórá, kọ̀ǹpútà kò sì ní kígbe pé àṣìṣe ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè ba owó jẹ́ ní ilé-iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó ayédèrú. Ká ní nínú 1,000 owó bébà tí ó wọ ọwọ́ ìyá aláṣọ kan, 10 jẹ́ ayédèrú. Bí ẹnìkan bá ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀ ju kí ó máa sọ pé owó dára, owó dára, ètò náà yóò gba máàkì 99 nínú 100, bẹ́ẹ̀ kò rí ayédèrú kan ṣoṣo mú. Olùwáṣẹ́ tí ó bá ń fi máàkì 99 yangàn yóò gbọ́ ìbéèrè kejì lẹ́nu ẹni tí ó mọ iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń dá ẹni tí ó lóye mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó há a sórí. Ìyá aláṣọ kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé ìyẹn fún un. Ayédèrú mẹ́wàá yẹn ni àdánù rẹ̀.

Ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìbéèrè bá ti jìnnà sí iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bi olùwáṣẹ́ pé mélòó ni àwọn tí ń tún dùrù ṣe ní Chicago, ìbéèrè tí wọ́n sọ pé ọ̀dọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Enrico Fermi ni ó ti wá. Bíbọ́ ọ lẹ́nu kò le fún ẹni tí ó dàgbà sí ilé tí dùrù wà. Ọmọ Mushin tí wọ́n bá bi ní iye dánfó tí ń kọjá lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé lè ṣe ìṣirò náà dáadáa ju ẹni tí ń bi í lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò bi í? Ní 2013, Laszlo Bock, tí ó ń ṣe àkóso òṣìṣẹ́ ní Google, jẹ́wọ́ pé irú àlọ́ báyìí ń fi àkókò ṣòfò ni, kò sì sọ nǹkan kan nípa bí ènìyàn yóò ṣe ṣiṣẹ́ sí. Google jáwọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń fara wé Google kò gbọ́, tàbí wọn kò fẹ́ gbọ́.

Ohun kan tún wà tí ó burú ju ìbéèrè lọ, òun náà ni ojú tí ń woni. Ní 2020, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ North Carolina àti ilé-iṣẹ́ Microsoft kó akẹ́kọ̀ọ́ 48 jọ, wọ́n fún wọn ní ìbéèrè kọ̀ǹpútà láti yanjú lórí pátákó. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn kan kí wọ́n dá ṣe é. Àwọn yòókù sì ń ṣe tiwọn níwájú ẹni tí ń wò wọ́n, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa sọ èrò ọkàn wọn jáde bí wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn tí wọ́n ń wò kò ṣe tó ìdajì ohun tí àwọn tí ó dá wà ṣe. Nínú àwọn obìnrin, gbogbo àwọn tí ó dá ṣe é ni ó yege, gbogbo àwọn tí wọ́n ń wò ni ó sì fìdí rẹmi. Iye àwọn obìnrin náà kò pọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe òfin. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń ráhùn pé òun kò rí obìnrin gbà yẹ kí ó kọ́kọ́ wo bí ó ṣe ń dán wọn wò.

Ní Yaba, ojú tí ń woni sábà máa ń jẹ́ ojú kámẹ́rà. Ètò tí ń ṣọ́ ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì a máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí olùwáṣẹ́ bá gbójú kúrò, bí ohùn ẹlòmíràn bá wọlé, tàbí bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já tí ó sì tún padà. Nínú ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan tí ìdílé mẹ́jọ ń gbé, ohùn ẹlòmíràn kò lè ṣe kí ó má wọlé. Iná lè lọ ní ìṣẹ́jú ogún sí àsìkò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour a sì máa bú ramúramù títí ẹni tí ń béèrè ìbéèrè kò fi ní gbọ́ ìdáhùn. Ní oṣù Kìíní 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, owó dátà orí fóònù sì gòkè. Ìdánwò fídíò wákàtí méjì kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́ fún ẹni tí kò tíì ní iṣẹ́. Èyí kò sí nínú máàkì tí wọ́n ń fún un.

Àwọn télọ̀ Tẹjúoṣó ní ọ̀nà tiwọn. Ẹni tí ó bá ní òun mọ aṣọ rán, wọn yóò gbé aṣọ àti ìwọ̀n fún un, wọn yóò sì wo ojú rírán rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bi í ní ìtàn abẹ́rẹ́. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sì kín wọn lẹ́yìn: nígbà tí Frank Schmidt àti John Hunter ṣe àkópọ̀ ìwádìí ọdún 85 lórí ìgbanisíṣẹ́ ní 1998, fífún ènìyàn ní díẹ̀ nínú iṣẹ́ gan-an láti ṣe wà lára ohun tí ó sọ òtítọ́ jù nípa bí òṣìṣẹ́ yóò ṣe rí.

Nítorí náà, ó yẹ kí iṣẹ́ àmúrelé jẹ́ ìtura fún olùwáṣẹ́ dátà. Nínú ilé rẹ̀ ni yóò ti ṣe é, ẹnikẹ́ni kò sì dúró lé e lórí. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Wọn yóò ní kò ju wákàtí mẹ́rin lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá fi wákàtí mẹ́rin ṣe é kò ní borí ẹni tí ó fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe é. Wọn yóò kó àkọsílẹ̀ oníbàárà wọn gan-an fún olùwáṣẹ́, wọn yóò gba ìdáhùn, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti ọ̀dọ̀ wọn. Bí télọ̀ kan bá pe ènìyàn mẹ́wàá wá dán wò, tí ó pín aṣọ oníbàárà fún wọn rán, tí ó kó aṣọ náà fún oníbàárà, tí ó wá ní kí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá máa lọ sílé, ọ̀rọ̀ náà yóò dé ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn olùwáṣẹ́ dátà kò ní ìyálọ́jà. Sísan owó díẹ̀ fún iṣẹ́ àmúrelé tí ó bá ju wákàtí mẹ́rin lọ kì í ṣe ohun tí yóò pa ilé-iṣẹ́ kankan.

Ìlẹ̀kùn náà sì ń há sí i. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, Andela fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò kọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà, Kenya àti Uganda, bíi 400 òṣìṣẹ́ kékeré ni ọ̀rọ̀ náà sì kàn. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà ń béèrè fún. Ní 2024, Microsoft ti ibùdó ńlá tí ó ṣí sí Èkó ní 2019 pa. Báyìí ni àwọn tí ọwọ́ wọn ti dá nínú iṣẹ́ tún bọ́ sójú kan náà pẹ̀lú ọmọ 3MTT tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí.

Ìdánwò fídíò, pẹ̀lú gbogbo àbùkù rẹ̀, ṣe oore kan: ó jẹ́ kí ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìn ọjà Tẹjúoṣó jókòó níwájú ilé-iṣẹ́ ní London tàbí Toronto láìra tíkẹ́ẹ̀tì. Oore yẹn ni ó wà nínú ewu báyìí. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní ìparí 2022, ẹ̀rọ lè dáhùn ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbéèrè yìí láàárín ìṣẹ́jú àáyá, àwọn olùwáṣẹ́ kan káàkiri ayé sì ń ka ìdáhùn rẹ̀ lójú fídíò. Ní oṣù Kẹfà 2025, Sundar Pichai, ọ̀gá Google, sọ pé àwọn yóò rí i pé ó kéré tán ìpele kan nínú ìdánwò àwọn jẹ́ ojúkojú. Ẹni tí ó wà ní California yóò wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó wà ní Yaba yóò kọ́kọ́ wá físà, bí ó bá sì rí i, yóò tún dúró níwájú irú àwọn aṣọ́bodè tí Omin dúró níwájú wọn ní 2017.

Ọ̀nà àbáyọ kò jìnnà. Láti 2015 ni JAMB ti ń ṣe gbogbo ìdánwò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àwọn ibùdó ìdánwò bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ní Èkó, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, kámẹ́rà àti olùṣọ́. Ilé-iṣẹ́ òkèèrè tí ó bá ń bẹ̀rù ẹ̀tàn lè háyà irú ibẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí olùwáṣẹ́ ṣe ìdánwò níbẹ̀ láìsí ariwo, láìsí pé iná lọ.

JAMB pàápàá ní ìṣòro tirẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2025, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti pariwo pé èsì àwọn kò lè rí bẹ́ẹ̀, ọ̀gá àgbà rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, jáde síwájú àwọn oníròyìn, ó gbà pé àṣìṣe wá láti ọ̀dọ̀ àwọn, ó sunkún, wọ́n sì pe ọmọ 379,997 láti ibùdó 157 ní Èkó àti ìhà Gúúsù Ìlà-Oòrùn padà láti tún ìdánwò ṣe. Olùwáṣẹ́ dátà tí ẹ̀rọ bá já kulẹ̀ láàárín ìdánwò kì í rí ẹni tí yóò pè é padà. Lẹ́tà tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí i kì í ju ìlà méjì lọ, àdírẹ́sì tí lẹ́tà náà sì ti wá kì í gba èsì.